Ímeèlì Tí Abẹ́rẹ́ Kọ Sí Ọ

Ọdún mẹ́ta rèé tí o lọ, ìyàwó mi. Ọdún mẹ́ta! Bí ẹnikẹ́ni bá sọ fún mi nígbà náà pé ẹ̀rín á tún sọ nínú ilé yìí, mi ò ní gbà á gbọ́. Ẹ̀rín ti sọ. Ẹ̀rù náà ti bà wá, ẹ̀rù tó lé ìyá rẹ jáde sí òjò pẹ̀lú bàtà ẹsẹ̀ kan. Ìròyìn ẹ̀rù yẹn ni mo fẹ́ mú wá fún ọ lónìí, nítorí ìwọ fúnra rẹ lo dá a sílẹ̀.

Bẹ́ẹ̀ ni, ìwọ!

Ṣùgbọ́n kí n kọ́kọ́ sọ bí ilé ṣe wà. Màmá rẹ jókòó tì mí bí mo ṣe ń kọ èyí, wọ́n ní bí mi ò bá ròyìn ilé dáadáa kí n tó wọ inú ọ̀rọ̀, àwọn á gba bírò lọ́wọ́ mi.

Yàrá òkè ti parí. Èyí tí o máa ń wò tí wàá mí kanlẹ̀, tí wàá ní bíríkì rẹ̀ ń wo ìwọ náà, a ti rẹ́ ẹ, a ti kùn ún, àbúrò rẹ sì ti rán kọ́tìnnì aláwọ̀ ewé sí fèrèsé méjèèjì. Ṣọ́ọ̀bù rẹ kò tì lọ́jọ́ kan. Àbúrò rẹ ló dì í mú, èmi ni mo ń bá wọn kan ọ̀pá kọ́tìnnì mọ́ ògiri nígbà tí iṣẹ́ ẹ̀rọ omi mi bá dẹwọ́. Ẹ̀rọ ìránṣọ ńlá tó máa ń ké bí ewúrẹ́ yẹn, mo tú u sílẹ̀, mo rí i pé bẹ́líìtì rẹ̀ ló ti fẹ̀, mo pààrọ̀ rẹ̀, ó dákẹ́ jẹ́ẹ́. Àbúrò rẹ ní ìdákẹ́jẹ́ẹ́ rẹ̀ ń ba òun lẹ́rù, kí n jọ̀ọ́ dá díẹ̀ padà nínú ariwo náà.

Fóònù rẹ wà nínú dúrọ́ọ̀ ṣọ́ọ̀bù. A kì í jẹ́ kí iná tán nínú rẹ̀, nítorí àwòrán gbogbo kọ́tìnnì tí o rán látilẹ̀ wá ló wà níbẹ̀. Àwọn oníbàárà á máa fi ìka yí i, wọ́n á ní irú èyí ni àwọn ń fẹ́. Bẹ́ẹ̀ ni iṣẹ́ ọwọ́ rẹ ṣì ń pe iṣẹ́ wá fún wa.

Ó tó, Màmá. Mo ti ròyìn ilé. Ẹ jẹ́ kí n sọ̀rọ̀ Abẹ́rẹ́.

Ìwọ lo fún ọmọ wa ní orúkọ yẹn nígbà tó ṣì ń rá kòrò lábẹ́ tábìlì ìránṣọ. O ní ó tín-ín-rín, ó sì mú, àti pé bó ti wù kí abẹ́rẹ́ kéré tó, kì í ṣe mímì fún adìẹ. Ó ti parí ilé ìwé báyìí. Ẹ̀rọ omi ló fẹ́ kọ́. Ó ń bá mi gbé àpò irinṣẹ́ káàkiri, ó lè fi etí lásán mọ̀ pé atẹ́gùn ti wọ inú páìpù. Ilé ẹ̀kọ́ àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ gbà á. Ìṣirò rẹ̀ yà wọ́n lẹ́nu. Ṣùgbọ́n wọ́n ní àyè rẹ̀ kò lè dúró ju ìparí ọdún lọ: bí kò bá mú èsì ìdánwò Gẹ̀ẹ́sì wá kó tó dìgbà náà, ẹlòmíràn ni wọn yóò fi síbẹ̀.

Ó sì ti fìdí rẹmi nínú ìdánwò yẹn lẹ́ẹ̀kan.

Kì í ṣe pé kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì o! Ó kà, ó yege. Ó sọ̀rọ̀, ó yege. Apá ìkọ̀wé ló ṣubú sí, níbi tí wọ́n ti ní kí ó kọ lẹ́tà kan àti ímeèlì kan. Wọ́n ní kí ó kọ lẹ́tà sí ọ̀gá ilé iṣẹ́ kan pé fíríìjì tí òun rà lọ́wọ́ wọn kò tutù. Abẹ́rẹ́ kí ọ̀gá. Ó kí ìyàwó ọ̀gá. Ó bèèrè àwọn ọmọ, ó kí gbogbo òṣìṣẹ́ kú iṣẹ́, ó kí wọn kú ojú ọjọ́. Ó gbàdúrà fún ilé iṣẹ́ náà. Ní ìlà tó kẹ́yìn, bí ẹni tó gbàgbé agboòrùn sílé onílé tó sì sáré padà, ó ní fíríìjì náà kò tutù. Nígbà tó máa kan ímeèlì, àkókò ti tán.

Olùkọ́ tó ń mú un gbára dì, Tíṣà Onígíláàsì là ń pè é nítorí gíláàsì rẹ̀ nípọn bí ìdí ìgò, gbọ́ ohun tó kọ, ó di orí mú. Ó ní, “Abẹ́rẹ́, ọ̀gá yìí á ti fẹ̀yìn tì kó tó mọ̀ pé fíríìjì rẹ bàjẹ́.”

Gbogbo kíláàsì rẹ́rìn-ín. Abẹ́rẹ́ náà rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n nígbà tó délé, ó wọ yàrá òkè, ó fa kọ́tìnnì.

Mo lọ bá tíṣà náà ní yàrá tó ti ń kọ́ wọn, lókè ilé àwọn tó ń ta táyà, mo ní kó ṣàlàyé fún mi bí lẹ́tà inú ìdánwò ṣe ń ṣiṣẹ́. O mọ̀ mí, mi ò lè rí nǹkan kí n má fẹ́ mọ ohun tó wà nínú rẹ̀. Ó ṣàlàyé, ó sì dùn mọ́ mi! Ìlà àkọ́kọ́ á sọ ìdí tí o fi kọ̀wé. Èyí tó tẹ̀ lé e á sọ bí ó ṣe ṣẹlẹ̀. Lẹ́yìn náà ni wàá sọ ohun tí o fẹ́ kí ẹni náà ṣe. O dágbére, ó tán. Ti ọ̀gá tí o kò mọ̀ rí, ohùn rẹ á wọ bàtà. Ti ọ̀rẹ́, kó bọ́ bàtà. Ímeèlì sì kúrú ju lẹ́tà lọ. Mo ní, “Háà, páìpù ni! Ẹni tó ṣí ẹnu ẹ̀rọ, omi ló ń dúró dè.” Ó ní bẹ́ẹ̀ gan-an ni.

Abẹ́rẹ́ náà mọ̀ ọ́n. Ó lè kà á fún ọ lójú oorun. Ṣùgbọ́n tó bá ti mú bírò, ọwọ́ rẹ̀ á yà bàrá, á tún bẹ̀rẹ̀ sí í kí gbogbo ayé. Màmá kò sì ràn wá lọ́wọ́. Wọ́n á jókòó tì í, wọ́n á ní, “Kí i dáadáa, ọmọ mi. Ta ló máa ń wọlé onílé kó máa bèèrè omi kó tó kí wọn? Gẹ̀ẹ́sì yìí kò ní ẹ̀kọ́ ilé rárá.”

Báyìí la ṣe wà títí ìdánwò kejì fi kù sí dẹ̀dẹ̀.

Ọjọ́ tí mò ń wí yẹn, ọ̀sán ni, òjò ń rọ̀. Tíṣà ti fún wọn ní iṣẹ́ àmúrelé: kí oníkálukú kọ ímeèlì sí ẹnì kan tó ti kúrò nílé pẹ́, kó sọ ohun tó ti yí padà, kó sì béèrè ohun kan ṣoṣo. Ó ní kí wọ́n fi í ránṣẹ́ ní tòótọ́, kí ọwọ́ wọn lè mọ́ ọn. Abẹ́rẹ́ jókòó sí yàrá òkè, ó ń ro ẹni tí òun máa kọ ọ́ sí. Gbogbo ẹni tó rántí ló lè fi Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ ṣe yẹ̀yẹ́. Ó wá rò ó pé ibì kan ṣoṣo ló wà láyé tí ẹnikẹ́ni kò ti ní rí i. Ó tẹ àdírẹ́sì rẹ.

Ó kí ọ, bó ṣe máa ń ṣe. Ó kí ọ kú ọjọ́ mẹ́ta, ó kí ọ kú ìrìn. Ó sọ̀rọ̀ yàrá òkè àti àwọ̀ kọ́tìnnì. Nísàlẹ̀ pátápátá ló kọ ọ̀rọ̀ gidi: “Ẹ̀rù ìdánwò yìí ń bà mí, Mọ́mì. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ ohun tí mo máa ṣe fún mi.”

Ó fi í ránṣẹ́. Kò tíì gbé ọwọ́ kúrò lórí fóònù tí fóònù náà fi dún.

Orúkọ rẹ ló wà níbẹ̀. Orúkọ rẹ, ìyàwó mi, àti àwòrán rẹ kékeré tí o ti wé gèlè pupa!

“Ẹ ṣeun tí ẹ kọ̀wé. Mi ò sí ní ṣọ́ọ̀bù báyìí. Tó bá jẹ́ ọ̀rọ̀ kánjúkánjú, ẹ bá ọkọ mi sọ̀rọ̀, ó mọ ibi tí gbogbo nǹkan wà. Màá dá yín lóhùn tí mo bá dé.”

Ìsàlẹ̀ ni mo wà, orí mi wà lábẹ́ ibi ìfọwọ́, nígbà tí mo gbọ́ igbe. Mo fi orí gbá irin. Abẹ́rẹ́ ti sọ̀ kalẹ̀ kí n tó dìde, fóònù rẹ̀ wà lórí àtẹ̀gùn níbi tó jù ú sí. Ó kàn ń tọ́ka. Màmá gbé e, wọ́n rí àwòrán rẹ, wọ́n gbé e sílẹ̀ bí ẹni gbé iná. “Ta ló kọ ọ́? Kí ló sọ?” Abẹ́rẹ́ rí ohùn fi dáhùn pé, “Mọ́mì ni. Wọ́n ní àwọn máa dá mi lóhùn tí àwọn bá dé.”

“Tó bá dé ibo?”

Màmá ló béèrè bẹ́ẹ̀, wọn ò sì dúró gbọ́ èsì. Wọ́n ti wà nínú òjò. Láti ibẹ̀ ni wọ́n ti ń pariwo pé, “Bàbá Abẹ́rẹ́! Ẹ bá mi dá a lóhùn pé gbogbo wa wà dáadáa o! Ẹ ní kò sí wàhálà kankan nílé! Kó má wulẹ̀ yọ ara rẹ̀ lẹ́nu, kó jókòó síbi tó wà!”

Mo rẹ́rìn-ín nígbà tó yá. Lọ́jọ́ yẹn, mi ò rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rù bà mí! Èmi tí mo máa ń tú gbogbo nǹkan wò, èmi tí mo dúró lẹ́yìn rẹ lọ́jọ́ tí o to ìdáhùn yẹn sínú fóònù, kó máa dá ẹni tó bá kọ̀wé sí ọ lóhùn fúnra rẹ̀, tí àpò ilé ìwòsàn wà lẹ́sẹ̀ rẹ, tí o ń wí pé kí àwọn oníbàárà má rò pé o gbé owó wọn sá lọ. Mo ti gbàgbé. Ní kété tí àkọsílẹ̀ yẹn wọlé sí mi lójú, mo gbà pé ìwọ ni, nítorí ohùn rẹ ni. Kò sí ẹlòmíràn tó lè sọ pé mo mọ ibi tí gbogbo nǹkan wà. Ìwọ nìkan lo gbà bẹ́ẹ̀.

Nígbà tí ọkàn mi balẹ̀ díẹ̀, mo mú Abẹ́rẹ́ lọ sí ìdí táńkì omi. Mo ṣí ìdérí. Mo ní, “Wo bọ́ọ̀lù yẹn. Tí omi bá dé ibẹ̀, bọ́ọ̀lù á gbéra, á ti ẹnu páìpù. Ṣé ẹnì kan wà nínú táńkì?” Ó ní rárá. Mo ní, “Bí ìdáhùn yẹn ṣe rí nìyẹn. Ìyá rẹ ló gbé bọ́ọ̀lù síbẹ̀. Ímeèlì tìrẹ ló gbé e sókè.” Mo mú fóònù rẹ wá láti ṣọ́ọ̀bù, mo fi ibi tí o ti tò ó hàn án.

Ó ní ó yé òun. Ẹ̀rù kò gbọ́ àlàyé. Kò wọ yàrá òkè mọ́. Kò fọwọ́ kan fóònù, kò mú bírò. Tíṣà ránṣẹ́ pè é, kò lọ. Ìdánwò ń bọ̀, ọmọ wa ń gbá inú ilé tó ti gbá. Ìgbà náà ni ẹ̀rù tèmi wá di ńlá. Mo rò pé gbogbo ohun tí ọmọ yìí ń lé láti kékeré á bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, kò sì sí irinṣẹ́ tí mo lè mú nínú àpò mi tó bá ọ̀rọ̀ yẹn mu.

Òun ló wá bá mi. Mò ń pààrọ̀ rọ́bà ẹ̀rọ omi lẹ́yìnkùlé, ó bá mi di fìtílà mú. Ó ní, “Dádì, Mọ́mì ní kí n bá yín sọ̀rọ̀.” Mi ò gbé ojú sókè, kó má baà dákẹ́.

Ó ní, “Lọ́jọ́ tí Mọ́mì kú, Àǹtí, àbúrò Mọ́mì, fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́ sí mi láti ilé ìwòsàn. Wọ́n máa ń kọ́kọ́ kí mi tẹ́lẹ̀. Abẹ́rẹ́ mi, ṣé o jẹun, ṣé ẹ sùn dáadáa. Lọ́jọ́ yẹn, wọn ò kí mi. Wọ́n kàn ní, ẹ máa bọ̀ kíá. Láti ìgbà yẹn, tí mo bá fẹ́ kọ ìlà àkọ́kọ́ bí tíṣà ṣe ní ká kọ ọ́, tí mi ò kí ẹnikẹ́ni, àyà mi á là. Ó máa ń ṣe mí bíi pé ikú ni mo fẹ́ gbé ránṣẹ́ sí wọn.”

Ọdún mẹ́ta, ìyàwó mi! Ọdún mẹ́ta ló fi gbé e kiri, àwa ń bá a wí pé ó ń kí èèyàn jù.

Mo gbé irinṣẹ́ sílẹ̀. Mo ní kó lọ mú fóònù wá, kó ka ìdáhùn rẹ fún mi. Kò fẹ́. Mo ní màá di ọwọ́ rẹ̀ mú. Ó kà á.

Mo bi í pé, “Ṣé ó béèrè bóyá o jẹun?”

“Rárá.”

“Ṣé ó bú ọ?”

“Rárá. Wọ́n ní ẹ ṣeun, lẹ́yìn náà wọ́n sọ pé àwọn ò sí ní ṣọ́ọ̀bù.”

“Nígbà tí o kà á tán, ṣé o mọ ohun tó yẹ kí o ṣe?”

“Wọ́n ní kí n bá yín sọ̀rọ̀.”

“Kí wá lò ń ṣe yìí?”

Ó wò mí. Ó bú sẹ́rìn-ín, ó bú sẹ́kún, fìtílà jábọ́ sínú omi.

Ẹ̀yìn ìyẹn la jọ wo iṣẹ́ rẹ dáadáa, bí a ṣe ń wo kọ́tìnnì lórí ọ̀pá. Ìdúpẹ́. Ibi tí o ò sí. Ohun tí onítọ̀hún lè ṣe. Ìgbà tí wàá dáhùn. O gé e, kò kúrú dé àárín fèrèsé, kò sì gbálẹ̀. Ìfẹ́ sì wà nínú rẹ̀, nínú “ọkọ mi” yẹn. Abẹ́rẹ́ dà á kọ, ó lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri yàrá òkè. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ lẹ́tà sí gbogbo ọ̀gá ilé iṣẹ́ tí kò sí láyé.

Màmá wo èyí tó lẹ̀ mọ́ ògiri, wọ́n ní kí a túmọ̀ Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ fún àwọn lẹ́ẹ̀mejì. Wọ́n ní, “Bí ọmọ mi bá ti kọ ọ́ báyìí, kò ní jẹ́ àrífín. Ìwọ kọ ọ̀rọ̀ tìrẹ, Abẹ́rẹ́. Èmi á bá ọ kí wọn láti ilé.”

Wọ́n sì ṣe é! Láàárọ̀ ọjọ́ ìdánwò, wọ́n gbé àga síta, wọ́n kọjú sí ọ̀nà tí ọmọ gbà lọ, wọ́n ń kí àwọn tó ń ṣètò ìdánwò kú iṣẹ́, wọ́n kí aya wọn, wọ́n kí ọmọ wọn. Ẹni tó ń kọjá rò pé òun ni wọ́n ń kí, ó dáhùn.

Abẹ́rẹ́ sọ bó ṣe rí fún wa. Wọ́n ní kó kọ lẹ́tà sí ọ̀gá ibi ìkàwé pé kí wọ́n máa ṣí i pẹ́. Ó kọ ọ́ pé, “Mo kọ̀wé yìí nítorí mo fẹ́ kí ẹ máa ṣí ibi ìkàwé fún wa di ìrọ̀lẹ́.” Ó dúró. Ó ń retí kí ilẹ̀kùn ṣí, kí ẹnì kan wá pe orúkọ òun síta, kí wọ́n ní kó máa bọ̀ kíá. Ilẹ̀kùn kò ṣí. Ẹni tó jókòó níwájú rẹ̀ sín, ó ń bá ìkọ̀wé lọ. Ó kọ ìlà kejì. Nígbà tó parí lẹ́tà, àkókò ṣì wà nílẹ̀ fún ímeèlì.

Lẹ́yìn náà la wá bẹ̀rẹ̀ ìdúró. Má jẹ́ kí n sọ ọ́.

Ṣọ́ọ̀bù ni a wà tí èsì fi dé. Abẹ́rẹ́ wà lórí àkàbà, ó di etí kan ọ̀pá mú, mo di ìkejì. Fóònù rẹ̀ dún lórí tábìlì. Àbúrò rẹ wò ó, ó ní, “Àwọn onídánwò ni.” Kò sẹ́ni tó mira. Abẹ́rẹ́ ní, “Àǹtí, ẹ kà á. Ẹ jọ̀ọ́, ṣé wọ́n kí mi?”

Àbúrò rẹ ní, “Wọn ò kí ọ.”

Mo rí ojú ọmọ wa lórí àkàbà yẹn, ìyàwó mi. Mi ò ní gbàgbé rẹ̀.

Àbúrò rẹ tún wò ó. “Wọn ò kí ọ o. Wọ́n kàn ní o yege.”

Ọ̀pá kọ́tìnnì wálẹ̀, kọ́tìnnì wálẹ̀, Abẹ́rẹ́ wálẹ̀, mo gbé e! Ó ti tóbi jù fún gbígbé, mo gbé e síbẹ̀!

Nígbà tí ariwo rọlẹ̀, ó mú fóònù, ó kọ ọ̀rọ̀ mẹ́ta péré sí ọ: “Mọ́mì, mo yege.” Fóònù rẹ dún nínú dúrọ́ọ̀. Tirẹ̀ náà dún. O ní o ò sí ní ṣọ́ọ̀bù báyìí, wàá dá a lóhùn tí o bá dé. Kò sẹ́ni tó kígbe. Màmá ní, “Ó ṣeun. Ó ti gbọ́.”

Ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ni Abẹ́rẹ́ ń lọ. Ilé ẹ̀kọ́ náà jìnnà, ẹ̀rù ń bà mí, èmi gan-an. Màá máa wo fóònù. Bí ó bá kọ̀wé tí kò kí mi, màá kọ́ láti kà á pẹ̀lú ọkàn tó balẹ̀. A ò pa ìdáhùn rẹ o. Bọ́ọ̀lù náà ṣì wà nínú táńkì.

Màmá, mo ti ròyìn ilé tán, mo ti kí i. Ẹ jẹ́ kí n kọ ìlà tó yẹ kó ṣáájú.

Mo kọ̀wé yìí nítorí àárò rẹ ń sọ wá. A nífẹ̀ẹ́ rẹ síbẹ̀síbẹ̀. Kò sí ohun tí a ń béèrè.